Irin Tí Wòfà Kọ̀ Láti So Mọ́ Ọkọ̀ Wa

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń padà wá sí mi létí ni ariwo àwọn abọ́ táńganran nínú búùtù. Bí a bá ti wọ kọ́nà báyìí, wọ́n á yí gbirigbiri lọ sápá òsì, wọ́n á kọlu ara wọn, kí a sì tó jáde nínú kọ́nà náà wọ́n á tún ti yí padà sápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Èmi ni mo ń wakọ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ó kù tí n ó kọ́ nípa ọkọ̀ mọ́, nítorí pé mo lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí sítíárìn.

Asawase ní Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana, ni wọ́n bí wa sí, àmọ́ ọmọ Ìlọrin ni bàbá àti ìyá wa. Bàbá wa jẹ́ àfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ó sì ti di olóògbé kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí ó fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ, ló di bàbá lé mi lórí. Yáyà ni mò ń pè é, bí àwọn Hausa àdúgbò wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Abọ́ táńganran ló ń tà. Ó máa ń kó wọn láti Kumasi lọ sí Mampong, nígbà mìíràn á dé Ejura, inú àwọn ọkọ̀ èrò jákujàku tí a ń pè ní trotro ló sì ń wọ̀ lọ, tòun ti abọ́ rẹ̀ lórí òrùlé ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílùú ní ìparí àwọn ọdún 1980, òun náà ra ọ̀kan, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọmọ ìyá òun ni kó máa gbé òun kiri, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọkọ̀ náà dára lójú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀ jù. Bí mo bá yí i sápá ọ̀tún, gbogbo ara rẹ̀ á fì sápá òsì bí arúgbó tó ru omi. Ní ìgboro Kumasi, a lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Lórí òkè Mampong kọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ̀ ọ́n: bí ènìyàn bá ń bọ̀ wá sí Kumasi, ọ̀nà náà á da gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, á máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àpáta wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí à ń bọ̀ láti ọjà, bí a ṣe wọ kọ́nà kan níbẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú kan yọ sí wa láàrin ọ̀nà. Mo fa ọkọ̀ wa sẹ́bàá ọ̀nà, mo tún fà á padà kíákíá. Ó fì débi pé mo rí orí àwọn igi ìsàlẹ̀ ọ̀gbun láti ojú fèrèsé ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé táyà apá tèmi kò kan ilẹ̀ dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà ó padà balẹ̀ gbì. Mo rọra wà á dé Asawase. Ibẹ̀ ni ó ti sọ fún ìyá wa, lójú mi, pé òun ò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ títí Wòfà yóò fi yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, pé trotro lòun ó máa wọ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó dà bí ẹni pé ó ti yọ mí níṣẹ́.

Wòfà jẹ́ àgbà fítà kan ní Suame, níbi tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe pọ̀ sí lọ bíi rẹ́rẹ. Ọmọ Ashanti ni. Wòfà ni wọ́n ń pe arákùnrin ìyá ẹni ní èdè Twi wọn, bẹ́ẹ̀ ni tọmọdé tàgbà sì ṣe ń pe bàbá yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, torí pé ìyàwó bàbá náà jẹ́ oníbàárà rẹ̀, bí Wòfà bá sì sọ pé ọkọ̀ kan dára, ó ti dára nìyẹn lójú rẹ̀. Bàbá náà wọ abẹ́ ọkọ̀ wa, ó pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí èmi náà wọlé wá. Ó fi irin gbọọrọ kan hàn mí níwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní sitabiláísà. Irin yìí ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òsì, kí apá kan má baà sùn jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Rọ́bà tó di tiwa mú ti jẹ tán, irin náà sì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Lẹ́yìn ọkọ̀, kò tilẹ̀ sí irú irin bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ibi tí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Wòfà ní òun ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà, òun ó wá irin tó nípọn díẹ̀ jù ú lọ fún iwájú, òun ó sì pààrọ̀ ṣọ́kì tí òróró rẹ̀ ti jò tán. Ó ní kí n fún òun ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá fi ọ̀rọ̀ Twi kan parí rẹ̀, bọ̀kọ́ọ́, tí í ṣe pé kí n máa rọra wà á, pé kò sí irin tó lè ṣe èyí fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Lójú mi, ọdún méjì ni. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń wọ trotro kọjá lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa takisí ní Race Course wá sọ fún mi pé àwọn àgbà fítà kò mọ̀ ju iwájú lọ. Ó ní kí n wá irin tó nípọn dáadáa, irú èyí tó wà lábẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, kí n fi sẹ́yìn, pé ọkọ̀ á tẹ́jú nínú kọ́nà bí ẹní. Mo wá a títí mo fi rí ọ̀kan láàrin àwọn irin àlòkù, ó ki tó ọrùn ọwọ́ mi. Mo gbé e lé èjìká, mo gbé e lọ fún Wòfà tayọ̀tayọ̀.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. “Iwájú ni àìsàn wà,” ni ó wí, “o wá ń fẹ́ kí n fún ẹ̀yìn lóògùn.” Ó ní bí ilẹ̀ bá gbẹ, irin náà á dùn mọ́ mi. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ̀yìn ọkọ̀ á le ju iwájú lọ, táyà ẹ̀yìn ò sì ní lè di ilẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọkùnrin kan fi irú rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó wò mí. “Irin ò mọ ẹni tó ní ìyá nílé,” ni ó sọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ rọ́bà iwájú nígbà náà, kò tíì ṣe ìyókù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wa ọkọ̀ mi jáde, mo gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan lọ ní òpin àdúgbò náà, ẹni tí kò bi mí ní ìbéèrè kankan ju bóyá kí òun jó o kó le. Mo ní kó jó o kó le.

Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé adùn ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ tí ó ń fì tẹ́lẹ̀ wá dúró ṣinṣin. Mo ń yí i po ní oríta Kejetia bí ẹni tí wọ́n ń wò láti ojú fèrèsé gbogbo, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò mí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá Wòfà ti parí iṣẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ó bi mí bóyá Wòfà ló ṣe gbogbo rẹ̀, mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ̀ ọ́, mo gbé e yí Bantama po, kò di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Irọ́ tí mo pa kò wúwo lọ́kàn mi rárá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi ti bò ó mọ́lẹ̀.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ọmọ mọ̀lẹ́bí wa kan bímọ ní Mampong, wọ́n sì pè wá sí sùnà, ìsọmọlórúkọ. Ìyá wa kì í fẹ́ rìnrìn àjò nítorí orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní Wòfà ti tún ọkọ̀ ṣe, pé bí ẹni jókòó sínú yàrá ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe wọ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ nígbà tí a ń lọ. Ní ọwọ́ ọ̀sán tí a ń padà bọ̀, òjò dé. Kì í ṣe òjò ńlá, ó kàn tó láti jẹ́ kí ọ̀dà ọ̀nà máa dán. Ìyá mi wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ìkòkò oúnjẹ sùnà lé itan. Ẹ̀rù kankan ò bà mí. Kí ni ì bá bà mí lẹ́rù? Ọkọ̀ kò fì.

Mo wọ kọ́nà kan tó yà sápá òsì, mo rí i pé mo ti sáré jù díẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe yọ̀ lọ nìyẹn. Kò fì, kò ké, kò kìlọ̀. Ó ṣáà fi mí sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní kúrò lábẹ́ ẹni tó ń sùn. Sítíárìn wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ kò so mọ́ nǹkan kan mọ́. Mo rí àpáta tó ń bọ̀ wá sí ojú gíláàsì, mo gbọ́ tí ìyá mi pe Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà abẹ́ ọkọ̀ gbá nǹkan, a sì dúró. Ojú ọkọ̀ kọ sí àpáta, ìdí rẹ̀ kọ sí ọ̀gbun. Mo yí orí padà. Lẹ́yìn èjìká ìyá mi, ojú ọ̀run nìkan ni mo rí nínú gíláàsì ẹ̀yìn. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti kọjá etí ilẹ̀, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà fẹ́ máa fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi lórí bíréèkì nìkan ló dá a dúró, nítorí pé bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a ti rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni pé ọmọ kan ń sùn nítòsí. Ó ní kí n má gbé ẹsẹ̀. Ó ní kí ìyá wa gbé ìkòkò sílẹ̀, kó rọra fà wá sápá òsì, kó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tín-ín-rín, orúnkún rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá fà díẹ̀, ọkọ̀ á mì, òun á dúró, á ka kálímà tí Mùsùlùmí máa ń kà lójú ikú, á tún fà díẹ̀. Mi ò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ tán, tí ó fara ti àpáta nínú òjò, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mi ò sì lè mú un dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi náà sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé yóò lọ dúró ti ìyá wa títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé. Òkúta ló ń wá. Ó fi ọ̀kan há ẹ̀yìn táyà iwájú, ọ̀dà tó tutù jẹ́ kí ó yọ̀ dànù. Ó tún gbé òmíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbé e mọ́ àyà aṣọ léèsì rẹ̀, mo sì rí i nínú dígí tí ó ń kọjá lọ sẹ́yìn, sí ibi tí táyà kan tó kù lẹ́yìn ti wà, níbi tí ilẹ̀ ti rí hagahaga. Láàrin táyà yẹn àti ọ̀gbun, àyè tó wà níbẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn lè kúnlẹ̀ sí. Mo kígbe. Mo ní kó dúró, mo ní àwọn èèyàn ń bọ̀, mo ní ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

“Ìwọ sáà tẹ̀ ẹ́,” ni ó sọ láti ẹ̀yìn. “Ìwọ sáà tẹ̀ ẹ́, ọmọ ìyá mi.”

Lẹ́yìn èyí, mi ò rí i mọ́ nínú dígí. Ó ti kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀, mo sì ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Omi kún bàtà mi, bóyá òjò ni, bóyá òógùn ni, mo ń rò ó pé bí ẹsẹ̀ náà bá yọ̀ díẹ̀, èmi ni mo pa á. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó sínú rẹ̀. Mo gbọ́ tí òkúta ń ha táyà. Mo gbọ́ tí ó ń fi nǹkan gbá a wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ yọ padà nínú dígí, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́, irun rẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lójú. Ó ní ó ti há. Síbẹ̀, mi ò gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí trotro kan dé tí àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà sórí ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ní láti fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí bíréèkì. Ó ń sọ fún mi jẹ́jẹ́ ní Twi pé “Due, due,” bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ó ṣòfò.

Mo rò pé ẹ̀rù ti tán nìyẹn. Kò tán. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé ọkọ̀ náà lọ bá Wòfà, kí Wòfà wá ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ó ṣe fún òun. Awakọ̀ mìíràn ló wà á. Èmi jókòó lẹ́yìn. A débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ kí bàbá náà tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀: pé ìyá òun ló fẹ́ pa, pé òun ti fọkàn tán an. Wòfà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí irin náà àti ibi tí wẹ́dà ti jó o. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá wò mí. Bàbá yẹn ì bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, òun ì bá sì bọ́ nínú ẹ̀bi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbà kí obìnrin tó ń bọ̀wọ̀ fún un máa bá a wí níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń wò mí, kò fi ojú burúkú wò mí, ó kàn ń dúró.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò lò tó ogún ọjọ́. Mo ní, “Yáyà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Wòfà. Wòfà kọ̀ ọ́. Èmi ni mo gbé e lọ síbòmíràn, mo sì pa irọ́ fún yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó kúnlẹ̀ fún Wòfà lórí ilẹ̀ dúdú tí òróró ti kún yẹn, ó ní kó dárí ji òun. Bàbá náà fà á dìde kíákíá. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó wọ trotro, kò wo ibi tí mo wà. Èmi àti Wòfà la jọ tú irin náà sọ̀kalẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é lọ ni ó sọ ohun tí mi ò tíì gbàgbé: pé nígbà tí ọkọ̀ náà ń fì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, ó ń sọ fún mi pé eré mi ti pọ̀ jù. Kàkà kí n gbọ́ ohun tí ó ń sọ, mo lọ fi irin dí i lẹ́nu. Ó wá ṣe iṣẹ́ iwájú náà bí ó ṣe sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú irin tí ó nípọn díẹ̀ àti ṣọ́kì tuntun. Ọkọ̀ náà ń fì síbẹ̀, àmọ́ níwọ̀n.

Mi ò wà á. Fún bí oṣù méjì, bí mo bá ti jókòó sídìí sítíárìn, ẹsẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá gbọ́ òjò lórí páànù, mo máa ń dìde kúrò lórí ibùsùn lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ mi. Ìyá mi ń fi omi tí wọ́n ti ka kéwú sí fọ ẹsẹ̀ náà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti iṣẹ́ ilé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde, mo bá a tí ó ti kó abọ́ sínú búùtù, tí ó ti jókòó síwájú, kọ́kọ́rọ́ wà lórí àga tèmi. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí.

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí o bá ní kò bà ọ́ mọ́ ni n ò ní bá ọ lọ.”

A lọ. Mo wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Trotro ń yà wá, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wá pẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n mi kò sì sọ pé kí n sáré. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé e kiri lẹ́yìn ìyẹn, nínú ọkọ̀ yẹn àti èyí tí ó tẹ̀lé e, a kò sì sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà.

Ìgbà tí àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ ni mo tó lè bi í. Wòfà ti kú, ìyá wa náà ti lọ. Mo bi í pé báwo ni ó ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí ó fi lè lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn táyà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ta ló gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi? Ó ní gbogbo bí òun ṣe ń ti òkúta yẹn wọlé ni òun ń retí kí ẹsẹ̀ náà yọ̀, pé òun tilẹ̀ ti ka kálímà tán kí òun tó kúnlẹ̀.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ó wà lọ́jọ́ náà lọ dáadáa báyìí. Fún ọdún gbọọrọ, mo fi ń tu ara mi nínú pé ẹni tó gbà mí gbọ́ ló wà lẹ́yìn mi nínú òjò yẹn. Kò gbà mí gbọ́ rárá. Ó lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀ nítorí pé èmi ni mo wà nínú ọkọ̀.